Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Inú Ilé Fitzgerald

 

Ìbéèrè kan ni ó bí àròkọ tòní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé kí ni kí a máa pe irú ìwé ìtàn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní science fiction. Mo dá a lóhùn pé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni èmi ń pè é, èyíinì ni ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ọpọlọ ara rẹ̀ hun, ṣùgbọ́n tí ó gbé ka orí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: ìrìn àjò lọ sínú òṣùpá, ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, àjèjì ẹ̀dá tí ó ti ayé mìíràn wá. Ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó tún béèrè ohun tí n kò retí. Ó ní, “Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ kàn wá? Ǹjẹ́ kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ni ín, tí wọ́n ń kọ ọ́ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí láàrin ara wọn?”

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá a lóhùn, nítorí pé ìbéèrè náà ti wà láyé kí a tó bí òun àti èmi. Ìtàn ni ó lè dáhùn rẹ̀, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem, ní ìlú New York, ní òpin ọdún 1929.

Kí a tó wọ inú ilé náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó kó àwọn ènìyàn wá síbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Hugo Gernsback, ọmọ orílẹ̀-èdè Luxembourg, tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1904. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti rédíò ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1926, ó dá ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan sílẹ̀ tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Amazing Stories, tí iye owó rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 25. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbé ohun mìíràn jáde bí kò ṣe ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àtijọ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ìtàn Jules Verne, H. G. Wells àti Edgar Allan Poe tí wọ́n tún tẹ̀. Ìgbàgbọ́ Gernsback ni pé ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́ òǹkàwé ní sáyẹ́ǹsì bí ó ti ń dá a lára yá. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà gbà fún un, a ó sì rí i níwájú.

Nǹkan kan wà tí Gernsback ṣe tí ó ju ìtàn tí ó ń tẹ̀ lọ lójú tèmi. Láti ọdún 1927 ni ó ti ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé, bí ó bá sì ń tẹ lẹ́tà wọn, a máa tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́ ọn. Ohun kékeré ni èyí jọ lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọdékùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan tí gbogbo ará ilé rẹ̀ gbà pé ìwé tí ó ń kà ń bà á lórí jẹ́. Lójijì ó rí i pé ẹlòmíràn ń gbé ní àdúgbò kejì tí ó ka ìtàn kan náà, tí inú ń bí sí ohun kan náà nínú rẹ̀. Ó mú bébà, ó kọ lẹ́tà sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ lè débẹ̀, ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wọn.

Wọ́n sì ní ohun tí wọn yóò jiyàn lé lórí. Ní oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 1928, Amazing Stories tẹ ìwé ìtàn kan jáde ní ìpín mẹ́ta, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Skylark of Space. E. E. Smith ni ó kọ ọ́, onímọ̀ kẹ́míkà oúnjẹ tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìyẹ̀fun dónọ́ọ̀tì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Lee Hawkins Garby, nítorí pé Smith rò pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọ. Ìtàn náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin onísáyẹ́ǹsì kan tí ó ṣàwárí ọ̀nà láti yọ agbára ńláǹlà jáde láti inú bàbà. Ó kan ọkọ̀, ó sì gbé e kọjá oòrùn wa lọ sí àárín àwọn ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni Smith fi gbé ìwé náà kiri kí ó tó rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó jáde tán, ó gbajúmọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ńlá wà nínú rẹ̀: ọkọ̀ náà ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ Albert Einstein ti sọ láti 1905 pé kò sí ohun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kí òǹkàwé gbójú fo èyí nítorí pé ìtàn dùn, tàbí kí ó so ìwé náà mọ́lẹ̀ kí ó sì bi í léèrè bí ó ti ṣe é? Níwọ̀n bí ìtàn náà ti jáde ní ìpín mẹ́ta, oṣù kan gbáko ni wọ́n máa ń ní láti fi ṣe àròyé kí ìpín tí ó kàn tó dé. Èmi gbà pé ìdúró yẹn wúlò fún ẹgbẹ́ òǹkàwé ju ìwé tí ènìyàn gbà lódindi lẹ́ẹ̀kan lọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wọ Harlem.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1929, àwọn òǹkàwé kan péjọ ní New York, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní The Scienceers. Òun ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ìlú náà tí ó kó àwọn olùfẹ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì jọ ní ojúkojú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn tilẹ̀ kà á sí àkọ́kọ́ pátápátá. Ọmọdékùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Àsìkò náà le. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni ọjà ìpín ìdókòwò wó lulẹ̀ ní New York, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní owó tí wọ́n lè fi gba gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó ní àyè nínú ilé rẹ̀ láàrin wọn ni Warren Fitzgerald, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún, aláwọ̀ dúdú, tí ń gbé pẹ̀lú aya rẹ̀ ní Harlem. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ wá sí ilé òun. Wọ́n sì fi í jẹ ààrẹ ẹgbẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ní mọ bí èyí ti wúwo tó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù, òfin ni ó yà dúdú àti funfun nípá nínú ọkọ̀ àti nílé ẹ̀kọ́. Ní New York, òfin kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà sọ ọ́. Ní Harlem kan náà yẹn ni ilé ijó tí a ń pè ní Cotton Club wà. Aláwọ̀ dúdú ni ó ń kọrin níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni ó ń jó, wọn kì í sì í gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti jókòó bí oníbàárà. Ní ìlú tí nǹkan rí báyìí, àwọn ọmọ funfun wọ ọkọ̀ lọ sí Harlem, wọ́n jókòó yí aláwọ̀ dúdú ká, òun ni ó ń darí ìpàdé, ìyàwó rẹ̀ sì gbà wọ́n bí ọmọ ilé. Allen Glasser, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, kọ ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, ó sì jẹ́rìí sí i pé tọkọtaya náà mú kí ara tu àwọn ọmọdé wọ̀nyí pátápátá. Bí kì í bá ṣe ìrántí Glasser ni, díẹ̀ kíún ni à bá mọ̀ nípa ilé náà.

Glasser yìí kan náà ni ó ṣe olóòtú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ náà, The Planet, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Keje ọdún 1930. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn òǹkàwé mìíràn tí wọ́n ń fi lẹ́tà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Chicago ti gbé The Comet jáde. Àwọn ìwé méjì wọ̀nyí wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú irú ìwé tí òǹkàwé fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún òǹkàwé ẹgbẹ́ wọn. Àríyànjiyàn Gernsback sì wọ inú ẹgbẹ́ gbogbo: àwọn kan ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti kọ́ sáyẹ́ǹsì, pé ìtàn jẹ́ ilẹ̀kùn lásán, àwọn yòókù ní ìtàn ni àwọn wá fún, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbádùn rẹ̀. Fitzgerald ní tirẹ̀ kò fi mọ sí orí ìwé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1930, ó wà lára ènìyàn méjìlá tí wọ́n dá American Interplanetary Society sílẹ̀ ní New York, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ mọ bí ènìyàn yóò ṣe fi rọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ayé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjìlá náà jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà náà. Ẹgbẹ́ yẹn di American Rocket Society ní 1934, ó sì ti ń fọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré sókè ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní 1969, ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni ó ti kọjá lẹ́yìn ìpàdé wọn.

Ẹgbẹ́ The Scienceers kò pẹ́ kí ó tó fọ́, bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fọ́. Àwọn mìíràn dìde. Gernsback fúnra rẹ̀ dá Science Fiction League sílẹ̀ ní 1934, tí ó ní ẹ̀ka káàkiri. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pe àpéjọ kan ní oṣù Kíní ọdún 1937. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n Arthur C. Clarke, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, wà láàrin wọn. Ní New York, ẹgbẹ́ Futurians dìde ní 1938, Isaac Asimov sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1939, ní àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ tí nǹkan bí igba ènìyàn wá, àwọn olùṣètò dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì kọ̀ fún mẹ́fà nínú àwọn Futurians láti wọlé, nítorí ìjà òṣèlú àti owú. Asimov ráyè wọlé. Ẹ fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn náà sọ́kàn: Sam Moskowitz.

Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé òun ni ó wá di òpìtàn ẹgbẹ́ wọn. Ní 1954 ni ìtàn tí ó kọ di ìwé, The Immortal Storm, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn òǹkàwé wọ̀nyí ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kò lè ṣe kó má kà á. Moskowitz kò fi ọkùnrin Harlem náà pamọ́. Ó sọ pé aláwọ̀ dúdú ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ó yin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé wọ́n tẹ̀lé e láìwo àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pe orúkọ rẹ̀ ní James. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé yàtọ̀ sí ọkùnrin yìí àti àwọn díẹ̀ mìíràn, àwọn aláwọ̀ dúdú kò kópa gidi nínú ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé. Ó mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ni ó ń ka àwọn ìwé ìròyìn náà, ṣùgbọ́n kò rí àyè fún wọn nínú ìtàn rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Ẹni tí ó gba gbogbo ẹgbẹ́ sínú ilé rẹ̀, kò pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè é.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ṣòro láti gbàgbọ́. Ní 1953, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kan ní agbègbè San Francisco, tí Terry Carr jẹ́ aṣáájú wọn, dá ẹnì kan tí kò sí láyé sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Carl Brandon. Wọ́n ń kọ̀wé lórúkọ rẹ̀, ìwé náà pani lẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó ti yá, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òǹkàwé fi gbà pé aláwọ̀ dúdú kan wà láàrin àwọn tí ń jẹ́ Brandon. Ìrònú Carr kò burú, ó fẹ́ fi ojú àwọn tí wọ́n rò pé aláwọ̀ dúdú kò lè wà láàrin wọn hàn wọ́n. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti ilé aláwọ̀ dúdú gidi bẹ̀rẹ̀ ti wá di ẹgbẹ́ tí ń fi bébà mọ aláwọ̀ dúdú. Ní 1999, àwọn òǹkàwé àti òǹkọ̀wé tí wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun dá Carl Brandon Society sílẹ̀ ní àpéjọ kan ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Àwàdà tí ó wà nínú pé wọ́n yan orúkọ náà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe rò pé ìgbàgbé yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí olóòtú bá gbà pé aláwọ̀ dúdú kò sí láàrin àwọn òǹkàwé rẹ̀, yóò mọ irú ìtàn tí kò ní rà. Samuel R. Delany, tí a bí ní Harlem ní 1942, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìsìnkú ní òpópónà Seventh Avenue níbẹ̀, ti gba ẹ̀bùn Nebula kí ó tó pé ọmọ ọdún 26. Ó kọ ìwé ìtàn kan, Nova, tí ó jáde ní 1968. Olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Senegal. Delany ṣàlàyé nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1998 pé aṣojú òun fi ìwé náà ránṣẹ́ sí John W. Campbell, olóòtú Analog, kí ó lè tẹ̀ ẹ́ ní ìpín-ìpín. Campbell pè é lórí fóònù. Ó ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n òun kò rò pé àwọn òǹkàwé òun lè fi ara wọn sí ipò olú ẹ̀dá ìtàn tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín: kò sọ pé òun ni kò fẹ́, àwọn òǹkàwé ni ó dì í rù. Bẹ́ẹ̀ ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ṣáájú, ní Harlem tí a ti bí Delany, àwọn òǹkàwé funfun ti jókòó ní abẹ́ àṣẹ aláwọ̀ dúdú láìsí ẹni tí ó fi àáké kọ́rí.

Bí a bá sì ń wá ìwé, ìwé ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní 1931, George Schuyler, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú, tẹ Black No More jáde, ìtàn dókítà kan tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ dúdú di funfun ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì kọ́kọ́ ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Harlem. Nígbà tí gbogbo ayé funfun tán, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí ẹ̀rọ sọ di funfun tilẹ̀ funfun ju àwọn àbínibí lọ, ni ẹ̀gbin bá yípadà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí àwọ̀ wọn yóò ṣe dúdú díẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí ọṣẹ àti ìpara ìbóra ti ń tà ní ọjà wa yóò rí ohun púpọ̀ sọ bí a bá ka ìwé yìí papọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wá dá gbogbo rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àárín àwọn òǹkàwé tí wọ́n jókòó pọ̀, ni Kindred, tí Octavia Butler kọ ní 1979. Àríyànjiyàn ni ó bí ìwé náà. Nígbà tí Butler wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Pasadena, ní California, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀ bínú sí àwọn àgbà. Ó ní wọ́n ti tẹrí ba fún òyìnbó jù, ó wù ú kí òun pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n pé àwọn òbí òun ni òun ì bá kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Butler rántí ìyá tirẹ̀, tí ó ń tọ́jú ilé àwọn ẹlòmíràn, tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí ó ń gbọ́ èébú tí kì í fèsì, tí owó iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kọ ìwé láti fi han irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ná àwọn àgbà kí wọ́n tó lè wà láàyè.

Nínú ìtàn náà, Dana, obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1976 ní California, ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní oko ńlá kan ní Maryland ní ìgbà ẹrú. Ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ń rì sínú odò, Dana sì yọ ọ́. Nígbàkígbà tí ẹ̀mí ọmọ yìí bá wà nínú ewu, ohun kan a fa Dana padà lọ. Ọmọ náà, Rufus, dàgbà, ó di olówó ẹrú, ó sì burú bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n baba ńlá Dana ni. Bí ó bá kú kí ó tó bí ọmọ tí ìran Dana yóò ti jáde, kò ní sí Dana. Ìyá ọmọ náà kò fẹ́ Rufus, ipá ni ó fẹ́ lò. Kí ni kí Dana ṣe? Kí ó jẹ́ kí ìkà wáyé kí òun lè wáyé? Àwa tí a ń ka oríkì ìran wa láìfo ẹnikẹ́ni dá, tí a ń bọ orí baba ẹni, a kì í sábà bi ara wa ní irú ìbéèrè yìí. Ó yẹ kí a bi í.

Butler kò ṣàlàyé bí Dana ti ń rìn nínú àkókò. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, nítorí náà ó sọ pé kì í ṣe ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Àwọn òǹkàwé kò gbà fún un, wọ́n ń kà á mọ́ ọn títí di òní. Àríyànjiyàn Gernsback ni èyí tún jẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ wa, àwọn kan ti ń fẹ́ fi orúkọ kan náà pe Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Èmi kò sí lára wọn. Ìwé náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ sáyẹ́ǹsì, orúkọ tirẹ̀ sì tó o. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ tí ó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ tòní ni pé ẹgbẹ́ agbọ́tàn wà nínú ìwé náà gan-an: Àkàrà-ògùn sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó fi máa padà wá, èrò ti pé síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, yan Kindred gẹ́gẹ́ bí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ará ìlú yóò kà papọ̀. Iye àwọn tí ó kópa wà láàrin 40,000 sí 50,000. Wọ́n kà á nílé ẹ̀kọ́, nílé ìkàwé, nínú àwọn gbọ̀ngàn àdúgbò. Ní oṣù Kẹta, Butler fúnra rẹ̀ wá, ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin láàrin wọn, tí ó ń gbọ́ ìbéèrè wọn. Campbell ti kú láti 1971.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí. Ó gbọ́, ó sì fèsì pé ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìyẹn, ti Yorùbá ńkọ́? Mo ní kí ó lọ wá Rosewater, ìwé Tade Thompson, oníṣègùn ọpọlọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí a bí ní London, tí ó dàgbà ní Nàìjíríà. Ó jáde ní 2016. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kéde ẹgbẹ́ African Speculative Fiction Society níbi àjọ̀dún ìwé Aké ní Abẹ́òkúta, Rosewater sì gba ẹ̀bùn Nommo tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ fún ìwé ìtàn, ní 2017. Ní oṣù Keje 2019, ó gba ẹ̀bùn tí a fi orúkọ Arthur C. Clarke sọ, ọ̀dọ́mọkùnrin inú àpéjọ Leeds ọjọ́sí. Ìtàn náà wáyé ní Nàìjíríà ní 2066, ní ìlú tí ó hù yí ohun ńlá kan tí ó ti òfuurufú wá ká. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ohun náà máa ń ṣí, tí ó ń wo aláìsàn sàn, tí àwọn aláìsàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí àgọ́ ìwòsàn. Olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, olè àtijọ́ tí ó lè ka ọkàn ènìyàn, ń jẹ́ Kaaro. Òǹkàwé ní London yóò rí orúkọ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ ìkíni òwúrọ̀.

Ó ti rí ìwé náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ń kà á, orí mẹ́ta-mẹ́ta lọ́sẹ̀, irọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì ń pàdé. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ni ó fún wọn ní iyàrá àlejò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n jà lórí bóyá ó yẹ kí aláìsàn gba ìwòsàn lọ́wọ́ ohun tí kò mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ òun, wọn kò sì rí i yanjú. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé tí ń bọ̀.